Ohùn Méjì, Ọ̀rọ̀ Kan: Àwọn Lijadu Sisters àti Àwọn Tó Ń Jí Orin Àtijọ́

Àwọn kan nínú yín ti ń bèèrè bóyá ara Bàbá le, nítorí wọn ò rí nǹkan tuntun kà láti bí oṣù kan. Ara le, a dúpẹ́. Iná mànàmáná ni ara rẹ̀ ò yá. Ẹ jẹ́ kí n tètè wọnú ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tún mú un lọ.

Ní Sátidé kan tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn wá fi mọ́tò gbé mi lọ sí òde kan ní Challenge níbí, kò jìnnà sílé mi. Ìyá kan ló ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Ẹ mọ bí òde ṣe ń rí ládùúgbò wa: wọ́n ti ta kánópì sójú títì, wọ́n to àga oníke, àwọn ọlọ́kadà ń wá ibi tí wọ́n máa gbà kọjá. Ohun tí mi ò retí ni ẹgbẹ́ olórin tí àwọn ọmọ ìyá náà gbà. Ọ̀dọ́ mẹ́fà ni wọ́n, kò sí èyí tó tíì pé ọgbọ̀n ọdún nínú wọn, síbẹ̀ orin ìgbà èwe tèmi ni wọ́n ń kọ. Wọ́n wọ ṣòkòtò bóńgò, wọ́n wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga, wọ́n dá irun sí bàm̀bàm̀. Gìtá wọn ń dún bí gìtá ọdún 1974 gẹ́lẹ́. Mo jókòó, mo ń mi orí, inú mi ń dùn.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń kọrin níwájú ní àwọn fẹ́ kọ ọ́ bíi ti Lijadu Sisters. Orúkọ yẹn nìkan tó láti mú mi gbé ife ọwọ́ mi sílẹ̀. Orin náà kì í ṣe ti àwọn Lijadu, àwọn ọmọ náà ló ṣe é fúnra wọn fún ọlọ́jọ́ ìbí. Wọ́n ń ṣàdúrà pé ọkọ rẹ̀ á pẹ́ láyé. Àdúrà tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ohùn ọ̀kan gòkè, ohùn èkejì sọ̀kalẹ̀. Èyí tó gòkè ń pe ọkọ́, èyí tí a fi ń roko. Èyí tó sọ̀kalẹ̀ ń pe ọkọ̀, èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Ọkọ gan-an jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó ṣàdúrà fún un. Màmá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹnu sí mi létí, ó ní, "Kí ni wọ́n ní ó máa pẹ́ láyé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Àwọn ọmọ yìí kò ṣe ẹ̀gbin kankan. Wọ́n fẹ́ràn orin àtijọ́, wọ́n náwó lé e, wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ. Kí wá ló dé tí ohun tí wọ́n jí dìde kò fi lè sọ̀rọ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé Ìlú Ọba, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń jí orin tó ti sùn. Ọdún 1976 ni mo gúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìwé ọ̀mọ̀wé mi. Òtútù mú mi débi pé inú ilé ni mo máa ń wà lálẹ́, níwájú tẹlifíṣàn onílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, orin tó wà lókè pátápátá ní gbogbo ilẹ̀ náà ni "Under the Moon of Love" tí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Showaddywaddy kọ. Ọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n, láti ìlú Leicester, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1973. Kóòtù gígùn aláwọ̀ mèremère ni wọ́n máa ń wọ̀, bí àwọn ọmọ ìta Ìlú Ọba ti nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Mo rò pé orin tuntun ni. Onílé mi ló sọ fún mi pé rárá o, ará Amẹ́ríkà kan, Curtis Lee, ti kọ ọ́ ní 1961. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ mìíràn, Darts, gbé "Daddy Cool" jáde, orin àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọdún 1957. Ní 1978, wọ́n tún mú "Come Back My Love" tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ The Wrens ti kọ ní 1955, wọ́n gbé e dé ipò kejì ní Ìlú Ọba.

Ohun tó wù mí nínú orin Darts ni bí wọ́n ṣe ń pín ohùn. Ọkùnrin kan á máa kùn nísàlẹ̀ bí ìlù ńlá, òmíràn á máa fi ohùn tín-ín-rín fò lókè bí ẹyẹ, àwọn tó wà láàárín á máa di àlàfo. Ohun tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè ní hámónì nìyẹn. Ní Kérésìmesì ọdún 1983, ọkùnrin mẹ́fà tí ń jẹ́ The Flying Pickets fi ohùn lásán, láìsí gìtá, láìsí ìlù, gba ipò kìíní níbẹ̀ pẹ̀lú orin "Only You". Mo ti padà sílé nígbà náà, rédíò BBC ni mo fi gbọ́ ọ. Mo ní, àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ ohùn-ún tò.

Wọ́n mọ̀ ọ́n tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọkọ ní èdè yẹn lè gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó lè gbé e sílẹ̀, ó lè fì í bí ẹni ń fi jojo: ọkọ náà ló ṣì ń pè. Lílọ sókè àti lílọ sílẹ̀ ohùn lè sọ fún wa bóyá ó ń bèèrè ni tàbí ó ń bínú, kò lè sọ ọkọ di ọkọ́. Nítorí náà, ohùn mẹ́rin lè gba ọ̀nà mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má sì fara pa. Kódà, ẹ̀kọ́ orin Òyìnbó máa ń gbóríyìn fún un pé bí ohùn òkè bá ń gun òkè, kí ti ìsàlẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí orin ní ara. Ní èdè tiwọn, òótọ́ ni.

Tún wò ó: orin tí Showaddywaddy àti Darts jí dìde kì í ṣe tiwọn látilẹ̀wá, ti Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n wọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ẹnu tiwọn ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwa tí a bá gba irú hámónì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, aṣọ tí wọ́n gán fún ara mìíràn ni a gbà. A ní láti tún un gán kó tó lè wọ̀ wá.

Ó yani lẹ́nu pé àwọn kan ti tún un gán fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ni Lijadu Sisters.

Ìbejì ni wọ́n, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí wọn sí ní 1948, ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti dàgbà. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú àwo, nígbà tí àwọn obìnrin tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ olórin ìgbàlódé kò pọ̀ rárá. Ní 1972, wọ́n bá Ginger Baker, Òyìnbó onílù tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Cream, lọ sí Munich nígbà eré Òlíḿpíìkì, nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Salt. Lẹ́yìn náà ni àwọn àwo tí a fi mọ̀ wọ́n jù jáde lábẹ́ Afrodisia, ọwọ́ kan lára ilé-iṣẹ́ Decca: *Danger* ní 1976, *Mother Africa* ní 1977, *Sunshine* ní 1978, *Horizon Unlimited* ní 1979. Biddy Wright, tí kò sí ohun èlò orin tí kò mọ̀ ọ́n lù tán, ló bá wọn to orin náà.

Ẹni tó bá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan á kọ́kọ́ gbọ́ gìtá tó ń han bí ajá tó ń wá ẹran, àti ìlù tó ń sáré. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohùn méjèèjì. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ ọ́ pọ̀ lórí ohùn kan náà, débi pé ẹ ò ní mọ ẹni méjì. Nígbà mìíràn ọ̀kan á wà lókè, èkejì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi Yorùbá kọ ọ́ lọ́nà kejì yìí, ẹ ṣọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rìn: bí ti òkè bá gòkè, ti ìsàlẹ̀ náà á gòkè, bó bá rọlẹ̀, èkejì á rọlẹ̀, bó bá dúró, èkejì á dúró. Wọ́n dà bí ẹni méjì tó ń gun àtẹ̀gùn kan náà, tí ọ̀kan fi àtẹ̀gùn méjì ṣáájú èkejì. Wọn ò sí lójú kan náà rí, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kì í ṣe gíga ohùn lásán ló ń fi ìtumọ̀ hàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé àti bàbá rẹ̀ ò ní gbọ́ ara wọn yé, torí ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ. Bí ohùn kan ṣe rí sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni etí wa ń gbọ́. Ó gòkè ni àbí ó sọ̀kalẹ̀, àbí ibi tó wà náà ló dúró sí? Igbá, ìgbà, igba, ìgbá: ìrìn ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ohùn méjì bá ń rìn ní ìrìn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, bó ti wù kí ọ̀kan ga tó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra wọn, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ti ń parọ́.

Àwọn Lijadu kọ́ ni wọ́n dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń kọrin báyìí, ohùn kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n á jọ máa rìn, nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fẹ́ràn kí gbogbo agbo kọ ọ́ lórí ohùn kan. I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, mú un wọ inú jùjú, àwọn ẹlẹ́gbè olórin jùjú tó tẹ̀ lé e sì gbà á. Ohun tí ìbejì yìí ṣe ni pé wọ́n gbé ọgbọ́n ilé náà wọ inú orin tó ní gìtá Òyìnbó àti ìlù sóòlù. Wọn ò jẹ́ kí gìtá kọ́ wọn bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ẹ wo páálí *Horizon Unlimited*: "Orere-Elejigbo" ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún orin àkọ́kọ́, láìsí àmì ohùn kan. Páálí kò ní àmì, ẹnu wọn ló ní in.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Prof, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ṣebí a ti ń kọ orin Yorùbá sórí orin Òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a ò kú." Ọmọ mi tó gbé mi lọ sóde yẹn sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ sí ìdáhùn.

Òótọ́ ni pé àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ìjọ wọn túmọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sórí orin Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn dun àwọn àgbà tó létí nígbà náà. Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ṣe orin ìjọ tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ díẹ̀ nínú wọn sínú àwo fún Zonophone ní London ní 1922. T.K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó fi ọdún méjìdínláàádọ́ta lu dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, láti 1914 dé 1962, kọ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, ó sì fẹ́ kí orin ìjọ wa gba ìrìn rẹ̀ láti inú èdè wa. Nítorí náà, a ò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ sọ fún wa pé nǹkan ń fara pa.

Ìdí tí orin ìyìn kò fi dà wá láàmú mọ́ ni pé a ti mọ̀ ọ́n lórí. A kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a máa ń rántí rẹ̀ ni. Ìwé tún wà lọ́wọ́ wa. Ẹ wá mú orin tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú èrò, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á gbọ́ ohun tí ẹ ń wí. Màmá tó jókòó tì mí kò mọ kíláàsì kankan. Etí rẹ̀ ló fi mọ̀ pé àdúrà náà ti ṣìnà.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un, kí ẹ má baà fi mí ṣe ẹlẹ́rìí èké, pé orin Yorùbá kì í tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní gbogbo ìgbà. Akọrin máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ó máa ń yí ìparí ìlà sílẹ̀, a sì máa ń gbọ́ ọ. Etí Yorùbá láàánú. Ó lè fi ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àánú ní ìwọ̀n. Tí ohùn méjì bá ń fún un ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ni kó gbà?

Ibi tí mo ń ná ọwọ́ sí gan-an nìyí. Jíjí orin dìde ti di ọjà ńlá lágbàáyé báyìí. Láti 2011, ilé-iṣẹ́ Knitting Factory ní Amẹ́ríkà tún àwọn àwo Lijadu Sisters gbé jáde, ọ̀pọ̀ Òyìnbó tí wọn ò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde sì ń ra wọ́n. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ohun tí mo kà lórí wọn, gìtá ni wọ́n ń yìn, ìlù ni wọ́n ń yìn, àti irun àti aṣọ. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí etí wọn lè gbọ́ ni wọ́n ń yìn. Àwa ló yẹ ká yin ìyókù. Tí a ò bá yìn ín, àwọn ọmọ tiwa á ka ìyìn àwọn Òyìnbó, wọ́n á jí ohun tí àwọn yẹn yìn, wọ́n á fi ohun tí wọn ò mẹ́nu bà sílẹ̀ nínú sàréè. Ohun tí mo rí ní Challenge lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: gìtá jí, aṣọ jí, irun jí, ọ̀rọ̀ ṣì ń sùn.

Kì í ṣe pé ọwọ́ Òyìnbó ò lè ran orin wa lọ́wọ́ o. Orlando Julius, tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí Ìbàdàn wa yìí sì mọ̀ dáadáa nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ṣe àwo *Super Afro Soul* ní 1966. Ní 2014, lẹ́yìn ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó bá ẹgbẹ́ The Heliocentrics ti London ṣe *Jaiyede Afro*. Èmi rí èyí bí iṣẹ́ tó dára, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: àgbà náà fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun ló ń pe ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ London ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ni èdè ló ń ṣáájú. Ó kú ní 2022. Ta ni wọ́n á tẹ̀ lé báyìí?

Àwọn ìbejì ńkọ́? Wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fi New York ṣe ilé. Ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn léṣe, orin sì dáwọ́ dúró fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ayé tún wá wọn kàn, wọ́n ti di àgbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni Kẹ́hìndé kú. Ohùn méjì tó jọ ń gun àtẹ̀gùn kan náà, ó ku ọ̀kan.

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Mo kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ohùn Yorùbá fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ya ìlà sójú pátákó, mo fi ẹ̀rọ wọn ohùn, mo kọ ìwé. Ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí sí i pé mi ò gbé àwo Lijadu Sisters wọ kíláàsì rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 1976 tí *Danger* jáde, èmi wà ní Ìlú Ọba tí mò ń fi owó sukọ́láṣípù ra àwo Òyìnbó tó ń jí orin Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo dé, àwa ọ̀mọ̀wé ka irú orin wọn sí orin àwọn ọmọ ijó. A ní dùndún ló yẹ fún ìwádìí, àti ẹ̀sà, àti ìjálá. Àlàyé tó dára jù lọ lórí bí ohùn méjì ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà nínú àwo tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn kọjá rẹ̀. Nítorí náà, tí àwọn ọmọ òde yẹn kò bá mọ̀, ta ni kò kọ́ wọn?

Mo ránṣẹ́ sí wọn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì àti onígìtá kan wá sílé. Wọ́n kúnlẹ̀, onígìtá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n bí ẹni tó wá gba èsì ìdánwò. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, orin wọn dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ fún wọn. Èyí àgbà nínú wọn bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe hámónì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ti Yorùbá yàtọ̀."

A jókòó sí fàráǹdà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìlà àdúrà náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀, láìkọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fi ẹnu dídé kùn ún, kí ohùn nìkan jáde bíi ti ìyá ìlù. Wọ́n kùn ún. Mo ní kí ọ̀kan kọ ọ́ lórí ìrìn yẹn gẹ́lẹ́. Ó kọ ọ́. Mo wá ní kí èkejì bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, kó máa tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, bó bá dúró kó dúró. Ní ìgbà kìíní, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ní ìgbà kejì, ó ṣì ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níparí, torí bẹ́ẹ̀ ni gìtá ṣe kọ́ ọ. Onígìtá náà fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n yí tèmi padà kí n má baà máa fà á." Ó yí i. Ní ìgbà kẹta, wọ́n gbé e.

Ìyàwó mi wà nínú kíṣìnnì. Kò mọ ohun tí à ń ṣe, kò sì gbọ́ orin náà rí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tán pé ọkọ rẹ á pẹ́ láyé, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé:

"Àmín o! Á gbó, á tọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní àwo àtijọ́ nílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ ti àwọn Lijadu tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra pàǹtírí. Ẹ gbé e wá sí Challenge. Ẹ̀rọ tó ń lù ú ṣì wà lọ́wọ́ mi, bí wọ́n bá ti lè fún wa níná.

Ó dìgbà kan ná.